Ilẹ̀ Tí Asọ̀rọ̀mágbèsì Ti Pààyàn

(Ọ̀rọ̀ orí rédíò, ètò alẹ́ ọjọ́ Àìkú)

    

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, àwọn bàbá wa wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, ẹ kò lè dá a lóhùn. Bó bú yín, ẹ ò rí i bú padà. Bó parọ́, tẹ́ ẹ ní irọ́ ló pa, ara yín lẹ̀ ń sọ ọ́ fún. Orúkọ àwàdà ni. Èmi náà ti fi pa olùgbọ́ lẹ́rìn-ín láìmọye ìgbà láti ọdún tí mo ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ yìí. Àfi ìgbà tí mo dé orílẹ̀-èdè kan ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, tí ẹ̀rín yẹn gbẹ lẹ́nu mi. Rùwáńdà ni mo ń wí.

Ẹ jẹ́ ká mọ ibẹ̀ ná. Rùwáńdà wà láàárín gbùngbùn Áfíríkà. Kóńgò wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, Tàǹsáníà ní ìlà oòrùn, Ùgáńdà lókè, Bùrúńdì nísàlẹ̀. Ó kéré. Ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 26,338 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan tóbi jù ú lọ. Àmọ́ ìkànìyàn ọdún 2022 fi hàn pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 13. Òkè ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìdànrè, kó fọkàn ro òkè Ìdànrè tí kò lópin, kó wá kó àpáta orí rẹ̀ kúrò, kó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà bò ó láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó. Ojú ọ̀nà kan kò sí tó tọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Èkó ni bàálù ti gbé wa, a ò sọ̀ níbì kankan títí a fi dé Kigali. Wọn kò béèrè owó físà lọ́wọ́ mi, nítorí ọmọ Áfíríkà ni mí. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ni ọ̀rá dúdú tí mo fi wé bàtà. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀rá níbẹ̀, ọmọbìnrin tó gbà á sì fẹ̀rín sí i bí ẹni pé ọmọdé ló fẹ́ gbé iná wọlé. Ìlú tí mo bá níta mọ́ débi pé ojú ń tì mí láti ju èèpo àgbàdo sílẹ̀. Ọlọ́kadà dé akoto, ó sì fún èmi tí mo gun ẹ̀yìn rẹ̀ ní tèmi, mo dé e. Bí iná bá pọ́n, wọ́n á dúró, bí kò tiẹ̀ sí ọlọ́pàá nítòsí. Mo sọ èyí kíákíá kí n lè kúrò níbẹ̀, nítorí pé ìmọ́tótó Kigali ni gbogbo àlejò máa ń ròyìn, kì í sì í ṣe òun ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé mi lọ sí Nyamata lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin tó wà á tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó lọ́yàyà, a sì ti sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, a ti sọ̀rọ̀ ìyàwó, a ti sọ̀rọ̀ owó epo. Bí ọmọ Nàìjíríà ṣe máa ń ṣe, mo bi í ní ìbéèrè tí a máa ń bi ara wa kí a tó mọ orúkọ ara wa tán: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yà wo lẹ ti wá?"

Ó dákẹ́. Ó na ọwọ́, ó yí ohùn rédíò ọkọ̀ sílẹ̀, bí ẹni pé ariwo rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbọ́ mi. A gun òkè kan, a sọ̀ ọ́. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ọmọ Rùwáńdà ni mí." Ó yí rédíò náà sókè padà. A ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé.

Kí ló burú nínú ìbéèrè yẹn? Nílé wa ńkọ́, fọ́ọ̀mù wo la ń kọ tí kì í béèrè ìpínlẹ̀ àti ẹ̀yà? Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ o.

Hutu, Tutsi, Twa: orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rèé. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, Kinyarwanda. Òkè kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ilé ń kan ilé. Wọ́n ń fẹ́ ara wọn. Láyé àtijọ́, Tutsi ló máa ń sin màlúù jù, Hutu ló máa ń dáko jù, agbára ọba sì wà lọ́wọ́ Tutsi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lówó màlúù lè ti apá kan bọ́ sí apá kejì. Jámánì dé, ó lọ. Bẹ́ljíọ̀mù gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, àwọn ni wọ́n sì ṣe é ní àwọn ọdún 1930: wọ́n tẹ káàdì ìdánimọ̀ fún olúkúlùkù, wọ́n kọ ẹ̀yà sí i lára. Ohun tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ dì. Láti ọjọ́ náà, ọmọ tó bá jáde láti inú bàbá Hutu, Hutu ni títí dé sàréè. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, agbára bọ́ sọ́wọ́ Hutu, ìpakúpa bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1959, ọ̀pọ̀ Tutsi sì sá lọ sí Ùgáńdà àti Bùrúńdì. Ọdún 1990 ni àwọn ọmọ àwọn tó sá lọ gbé ìbọn, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wálé. Ogun dé. Káàdì yẹn sì wà lápò kálukú. Ní ọdún 1994, òun ni àwọn tó dí ojú ọ̀nà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá ní Tutsi, ó parí.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi í lójú ọ̀nà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo tún bi ẹ̀gbọ́n yẹn nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dórí rédíò. Ní oṣù Keje ọdún 1993, ilé iṣẹ́ rédíò tuntun kan bẹ̀rẹ̀ ní Kigali. RTLM ni wọ́n ń pè é. Orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ túmọ̀ sí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n òmìnira ti ẹgbẹ̀rún òkè. Àwọn alágbára tó sún mọ́ ààrẹ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má rò pé rédíò burúkú máa ń dún burúkú létí. Eléyìí dùn. Rédíò ìjọba tó wà tẹ́lẹ̀ le gbagidi bí ìwé òfin. RTLM ń lu orin Kóńgò tó gbóná, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀fẹ̀ bí ẹni tó jókòó sílé ẹlẹ́mu, wọ́n ń gba olùgbọ́ sórí afẹ́fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó. Àárín orin méjì ni wọ́n ń bu májèlé sí.

Inyenzi ni wọ́n ń pe Tutsi lórí afẹ́fẹ́. Aáyán ni inyenzi. Lónìí aáyán, lọ́la ejò. Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ máa ń ṣe bí ẹ bá rí aáyán nílé ìdáná? Ṣé ẹ máa ń bi í lórúkọ ni? Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe sílẹ̀ nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbé àdá. Nígbà tí pípa sì bẹ̀rẹ̀, wọn kò pè é ní pípa. Gukora ni wọ́n pè é. Iṣẹ́ ṣíṣe ni. "Ẹ lọ ṣiṣẹ́." Wọ́n ń ka orúkọ ènìyàn, wọ́n ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, wọ́n ń sọ àdúgbò tí ẹni tí wọ́n ń wá sá pamọ́ sí. Àwọn tó wà ní ìdènà ojú ọ̀nà mú àdá lọ́wọ́ kan, wọ́n mú rédíò kékeré lọ́wọ́ kejì.

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo ti ka orúkọ lórí afẹ́fẹ́ rí. Orúkọ olóògbé, orúkọ ọmọ tó sọnù, ọmọ tó wọ ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ búlúù, tí kò lè sọ orúkọ bàbá rẹ̀. Mo mọ bí a ṣe ń rọra ka orúkọ kó lè yé ẹni tó ń gbọ́. Ìmọ̀ tèmi àti tiwọn kò yàtọ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn wọn nínú àkásílẹ̀ ní Kigali, tí n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè náà, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń dánu dúró kí orúkọ kejì tó tẹ̀lé e.

Alẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin ọdún 1994 ni wọ́n yìnbọn lu bàálù tó gbé Ààrẹ Rùwáńdà, Juvénal Habyarimana, àti Ààrẹ Bùrúńdì, Cyprien Ntaryamira, bó ṣe ń balẹ̀ ní Kigali. Kò sẹ́ni tó là á já. Ilẹ̀ mọ́, àwọn apààyàn pa Agathe Uwilingiyimana, obìnrin tó jẹ́ mínísítà àgbà, Hutu bíi tiwọn, wọ́n sì pa ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀mù mẹ́wàá tó wá dáàbò bò ó. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni ìpakúpa náà gbà. Àwọn kan ka òkú náà sí 800,000. Ìjọba Rùwáńdà ní ó lé ní mílíọ̀nù kan. Tutsi ló pọ̀ jù. Hutu tó kọ̀ láti bá wọn lọ́wọ́ sí i náà kú.

Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jókòó ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà. Àwọn ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀ wà ní Rùwáńdà nígbà náà, Ọ̀gágun Roméo Dallaire ti Kánádà ni olórí wọn, ó sì ti ń ké pé kí wọ́n fi ènìyàn kún un. Ìgbìmọ̀ dìbò pé kí wọ́n dín wọn kù sí 270. Gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ló fọwọ́ sí i. Nàìjíríà wà lára wọn. A ní àga níbẹ̀ lọ́dún náà. Mo rò pé ó yẹ kí àwa náà máa rántí ìyẹn. Wọ́n bẹ Amẹ́ríkà pé kó fi bàálù rẹ̀ dí afẹ́fẹ́ mọ́ RTLM lẹ́nu. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ológun níbẹ̀ kọ̀wé padà pé yóò ná wọn ní dọ́là 8,500 fún wákàtí kan, pé òfin pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ fàyè gbà á. RTLM ń sọ̀rọ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ ló ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ló ń yọ ọfà lápó. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yọ obì ní Kigali lọ́dún yẹn ni Mbaye Diagne, ọ̀gá ológun ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà kan nínú àwọn apẹ̀tùsááwọ̀. Kò níbọn lọ́wọ́. Ẹnu ló ní, àti sìgá. Yóò kó ènìyàn díẹ̀díẹ̀ sínú ọkọ̀, bó bá dé ìdènà, yóò dápàárá, yóò pín sìgá, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ṣí ọ̀nà. Bó ṣe gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ là nìyẹn. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ni àfọ́kù àdó olóró bà á nínú ọkọ̀ rẹ̀.

A dé Nyamata. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wá wò níbẹ̀, bíríkì pupa, kò tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò yín lọ. Lásìkò ìpakúpa àtẹ̀yìnwá, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń bọ́, nítorí náà wọ́n tún rọ́ wọ ibẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn ni wọ́n sọ pé ó kú sínú rẹ̀ àti sí àyíká rẹ̀. Wọn kò kọ ohunkóhun sára ògiri fún àlejò. Aṣọ àwọn tó kú ni wọ́n kó lé orí àwọn bẹ́ǹṣì, òkìtì lórí òkìtì. Ọ̀kan nínú wọn ti jẹ́ ìró rí, òmíràn kaba, òmíràn sútẹ̀ tí ẹnì kan wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó rẹ̀ bóyá. Gbogbo wọn ti di àwọ̀ kan ṣoṣo, àwọ̀ ilẹ̀. Mo rí súwẹ́tà ọmọdé kan tí bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Mo gbójú sókè kí n má baà máa wò ó, mo sì rí i pé páànù orí wa lu jára. Ihò àdó olóró ni, oòrùn ń gba inú rẹ̀ wọlé bí ìràwọ̀. Ọmọbìnrin tó ń mú wa kiri kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Gisozi ní Kigali ni ilé ìrántí àgbà wà. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kẹrin ọdún 2004, òkú tó lé ní 250,000 ló sì sùn sínú ọgbà rẹ̀. Yàrá kan wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Fọ́tò ọmọ kọ̀ọ̀kan tóbi bí ilẹ̀kùn. Wọ́n kọ oúnjẹ tó fẹ́ràn síbẹ̀, ohun tó fi ń ṣeré, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni bí wọ́n ṣe pa á. N kò ní ka èyíkéyìí lórí afẹ́fẹ́.

Bó ṣe di Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ, ẹ̀gbọ́n tó wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn mi ní àárọ̀ kùtù. Ó ní kí n wọ bàtà tí kò dùn mí. Umuganda ni à ń lọ. Láti aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá, ẹni ọdún 18 dé 65 ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń jáde ṣiṣẹ́ ìlú. Ọ̀wẹ̀ ni, ẹ̀yin àgbẹ̀, ọ̀wẹ̀ tí ìjọba fi àṣẹ sí. Ẹ rántí pé àwa náà ní Sátidé ìmọ́tótó láti ìgbà ìjọba ológun àwọn ọdún 1980. Kí la máa ń fi ṣe? A máa ń ti ilẹ̀kùn, a máa ń sùn, a máa ń yọjú láti ojú fèrèsé bóyá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti kọjá. Èmi gan-an kì í gbálẹ̀.

Ọkọ́ tí wọ́n fún mi kò rí bíi tiwa. Èèkù rẹ̀ gùn, ó sì tọ́ gbọnrangandan, ó kàn mí láyà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ro oko ní Ọ̀yọ́, èèkù náà gún mi nímú, àwọn obìnrin tí a jọ ń gbẹ́ ojú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè náà rẹ́rìn-ín dórí ìdùbúlẹ̀. Ìyá àgbà kan gbà á, ó fi hàn mí: ìdúró ni, ẹ̀yìn kì í tẹ̀. Nígbà tí mo gbẹ́ tó bí ẹsẹ̀ mẹ́ta láìṣìnà, ó ní, "Murakoze." Ẹ ṣeun ni ìyẹn. Mo bi ẹ̀gbọ́n pé kí ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń wí. Ó ní ó ń wí pé ẹ ti ṣiṣẹ́. Inú gukora ni wọ́n ti yọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà tí RTLM lò. Wọn kò jù ú nù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Iṣẹ́ parí, gbogbo wa jókòó sórí koríko. Ìpàdé ni. Ìyá kan ní ẹ̀rọ omi ìsàlẹ̀ òkè ti bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Olórí àdúgbò ní àwọn ti kọ̀wé. Ìyá náà ní ṣé ìwé ni àwọn yóò máa mu. Wọ́n rẹ́rìn-ín, olórí àdúgbò náà rẹ́rìn-ín, ó sì dárúkọ ọjọ́ tí yóò tún un ṣe.

Orí koríko bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti dá ẹjọ́ ìpakúpa náà. Gacaca ni wọ́n ń pè é, koríko ni ọ̀rọ̀ náà sì túmọ̀ sí. Lẹ́yìn ọdún 1994, àwọn tí wọ́n tì mọ́lé lé ní 120,000, adájọ́ tó ṣẹ́kù láàyè kò sì tó nǹkan. Bí wọ́n bá fẹ́ fi kóòtù gidi dá gbogbo ẹjọ́ náà, ọgọ́rùn-ún ọdún kò ní tó. Wọ́n bá padà sí ìdájọ́ ìgbà ìwáṣẹ̀, bí baálé ilé wa ṣe máa ń parí ìjà lábẹ́ igi, wọ́n sì tún un ṣe. Ọdún 2002 ni wọ́n dán an wò, 2005 ni ó kárí, oṣù Kẹfà ọdún 2012 ni wọ́n pa á dé. Kóòtù bí 12,000, ẹjọ́ tó súnmọ́ mílíọ̀nù méjì. Àwọn ará àdúgbò ló yan àwọn adájọ́, wọn ò sì lo lọ́yà. Ẹni tó bá jẹ́wọ́, tó sọ ibi tí òun ju òkú sí, ìyà rẹ̀ á fúyẹ́. Ọ̀pọ̀ opó kò wá ju ìyẹn lọ, kí wọ́n lè gbé egungun ọkọ wọn sin. N kò ní pọ́n ọn ju bó ṣe yẹ lọ: àwọn kan fi parọ́ mọ́ ọ̀tá, àwọn kan bẹ̀rù láti jẹ́rìí, ìwà ìkà tí àwọn tó gbé ìbọn padà wálé, tí wọ́n sì ṣẹ́gun, hù kò sì dé orí koríko náà rárá. Àmọ́ ibẹ̀ ni ẹni tí wọ́n pè ní aáyán ti dìde, tó dárúkọ ara rẹ̀, tó ní, "Ìwọ lo pa ìyá mi. Dá mi lóhùn."

Àwọn ọmọ tó ṣẹ́kù ńkọ́? Ní ọdún 1996, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n là á já dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, AERG. Ẹni tí kò ní bàbá tí kò ní ìyá mọ́, wọ́n yan bàbá fún un láàárín ara wọn, wọ́n yan ìyá. Ọmọ ogún ọdún di bàbá ọmọ méjìdínlógún ọdún, ó ń béèrè èsì ìdánwò rẹ̀, ó ń bá a wí, ó ń bá a lọ sílé àna. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Mo ti yìn wọ́n tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí. Wọ́n ti yọ ẹ̀yà kúrò lára káàdì, òfin sì de ọ̀rọ̀ ìpínyà. Mo mọ ìdí rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n báyìí. Ṣùgbọ́n òfin tó dí ẹnu apanirun lè dí ẹnu olóòótọ́ pẹ̀lú. Victoire Ingabire, obìnrin olóṣèlú alátakò, padà dé láti Netherlands ní oṣù Kìíní ọdún 2010, ó fẹ́ díje fún ipò ààrẹ. Ó lọ sí Gisozi, ó sì béèrè níbẹ̀ pé àwọn Hutu tó kú ńkọ́. Ọdún náà ni wọ́n mú un. Kóòtù fún un lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ, kóòtù tó ga jù sọ ọ́ di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọdún 2018 ni ààrẹ dárí jì í. Ààrẹ Paul Kagame ti wà lórí oyè láti ọdún 2000. Ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ni wọ́n ní ó wọlé nínú ìdìbò oṣù Keje ọdún 2024, oṣù kan kí n tó dé. Ẹ bi mí bóyá mo gbọ́ ẹnì kan tó bá a wí lójú mi. N kò gbọ́. Lẹ́yìn odi, àwọn ògbóǹtarìgì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kọ ọ́ léraléra pé ọmọ ogun Rùwáńdà ń ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ M23 lọ́wọ́ ní Kóńgò. Kigali ní irọ́ ni. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí mo padà dé, M23 gba ìlú Goma. Ìjọba tó bá ń sọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ gbèsì, bó tiẹ̀ ń tún ojú ọ̀nà ṣe, ó ń ba mi lẹ́rù.

Àwọn oní-RTLM ńkọ́? Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kóòtù kalẹ̀ ní Arusha, ní Tàǹsáníà. Oṣù Kejìlá ọdún 2003 ni ó dá àwọn tó fi ọ̀rọ̀ pààyàn lẹ́bi, lára wọn ni Ferdinand Nahimana, olùkọ́ ìtàn ní yunifásítì, àti Jean-Bosco Barayagwiza. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó dá RTLM sílẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kan gbà láti bá kóòtù náà ṣọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀, Benin sì wà nínú wọn. Ní Akpro-Missérété ni ọgbà ẹ̀wọ̀n ọ̀hún wà, nítòsí Àjàṣẹ́, ibi tí àwọn ìbátan wa ń gbé, tí a máa ń lọ ṣe òkú, tí a máa ń lọ ra ọjà. Ilẹ̀ Benin ni Barayagwiza kú sí ní ọdún 2010. Ibẹ̀ náà ni Simon Bikindi kú sí ní ọdún 2018, olórin tí RTLM ń lu orin rẹ̀, tí kóòtù náà dá lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìnkùlé wa ló ti parí.

Ó kù díẹ̀ kí àkókò wa pé. Ní ọdún 2004, eré oníṣe kan bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò Rùwáńdà, Musekeweya. Abúlé méjì ló ń bá ara wọn jà nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin abúlé kan fẹ́ ọmọbìnrin abúlé kejì. Rédíò ló ba ilé jẹ́, rédíò náà ni wọ́n tún gbé dìde. Elizabeth Levy Paluck, onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, lọ wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́. Ó kó àwọn àdúgbò kan jọ, wọ́n gbọ́ eré náà fún ọdún kan; ó jẹ́ kí àwọn àdúgbò mìíràn máa gbọ́ eré ìlera. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Ó ní ohun tó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dágbére. Wọ́n fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan, kí wọ́n jọ máa lò ó. Ní àwọn àdúgbò eré ìlera, ẹnì kan á ní kí wọ́n gbé e fún olórí, gbogbo wọn á ní ó dára, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ní àwọn àdúgbò tó gbọ́ Musekeweya, bí ẹnì kan bá ti ní kí wọ́n gbé e fún olórí, ẹlòmíràn á ní rárá o, gbogbo wa la ni ín, ẹ jẹ́ ká jọ ṣètò rẹ̀. Wọ́n á jiyàn, wọ́n á sì fẹnu kò.

Èmi ti sọ tèmi tán. Bí ibì kan bá wà tí mo ti ṣì í, tàbí tí ẹ kò gbà pẹ̀lú mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù lórí ètò yìí, ẹ̀rọ tẹlifóònù sì wà lójú mi níbí. Ẹ pè wá. Ẹ fèsì.